Odi Tí A Fi Ọwọ́ Ara Wa Mọ

Orí ikùn ni obìnrin náà dùbúlẹ̀ sí lórí afárá Ostersiel, ìlú wa létí òkun Jámánì, nígbà tí Onno Freerks kọ́kọ́ rí i. Ó na ọwọ́ méjèèjì sísàlẹ̀, ó ń fi orí agbòjò wá fìlà rẹ̀ nínú odò. Afẹ́fẹ́ òkun ti da irun pupa rẹ̀ bò ó lójú, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wó lulẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ewúrẹ́ tí ìrìn ti sú.

"Ẹ fi fìlà yẹn sílẹ̀, ìyáàfin," Onno wí. "Omi wa kì í dá nǹkan padà."

"Ìyá mi ló hun ún." Obìnrin náà ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ẹsẹ̀ mú dípò kí ẹ máa wàásù."

Onno kúnlẹ̀, ó di bàtà òjò rẹ̀ méjèèjì mú. Ìgbà tí obìnrin náà dìde, fìlà ń kán tótó lọ́wọ́ rẹ̀, ẹrẹ̀ ti kùn ún láti àyà dé orúnkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Alenka Kobal ni mò ń jẹ́. Emden ni mo ti wá. Wọ́n ní ẹ ń wá ẹni tí yóò bá yín ṣí ilẹ̀kùn."

"Ilẹ̀kùn wo?"

"Èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà tì mọ́ yín."

Láti ọjọ́ mẹ́rin, Onno ò rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ odi òkun ni Onno, ẹni ọdún méjìdínlógójì, kò tíì gbéyàwó. Ilẹ̀ wa rẹlẹ̀ ju òkun lọ, odi erùpẹ̀ tí koríko bò nìkan ló jẹ́ ká lè sùn. Gbogbo ẹni tó bá nílé níbẹ̀ ló wà nínú ẹgbẹ́ tó ń tún un ṣe. Odi náà, àwa la mọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé orúkọ àwọn ilé, gíga omi lójoojúmọ́, àti ìkìlọ̀ tí ń lọ sórí fóònù gbogbo ènìyàn nígbà tí omi bá ń bọ̀, inú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà la kó gbogbo rẹ̀ sí, láti ọdún mọ́kànlá. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kò sẹ́ni tó ronú sí i.

Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹwàá, gbogbo rẹ̀ tì pa. Orúkọ oníṣẹ́ pọ́ńpù kan tí ẹgbẹ́ gbà síṣẹ́ ló jọ orúkọ ẹnìkan tí ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin dè. Gbólóhùn mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ náà kọ ránṣẹ́, kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Onno tẹ̀ wọ́n láago títí, ẹ̀rọ ló ń dá a lóhùn. Láti ìgbà náà, pẹ́ńsùlù ló fi ń kọ gíga omi sílẹ̀, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn láti ojúlé dé ojúlé.

Ọmọ Slovenia ni Alenka, láti abúlé orí òkè kan tí èèyàn ò ti lè rí òkun. Òun àti àwọn márùn-ún ló jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan ní Emden. Kọ̀ǹpútà tí yóò wà nílùú ẹni tó ni ín ni wọ́n ń tò fún àwọn ènìyàn, pẹ̀lú ètò tí àwọn ọmọ Yúróòpù jọ kọ, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò, kó sì tún un ṣe.

Onno mú un lọ sílé kó lè gbẹ ara rẹ̀. Habbo, bàbá Onno, bu tíì fún un bí a ti ń ṣe é: ó ju òkúta ṣúgà sísàlẹ̀ ife, ó da tíì lé e, ó rọra fi ṣíbí ta wàrà sétí rẹ̀. Alenka mú ṣíbí, ó rò ó pọ̀.

Bàbá gbé ife tirẹ̀ kalẹ̀. "Ọmọ mi, a kì í ro tíì níbí."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Wàrà ló kọ́kọ́ ń bá ẹnu pàdé, kíkorò á tẹ̀lé e, adùn wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá rò ó ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́."

"Tí mo bá kú kí n tó dé ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

Tíì há Onno lọ́nà ọ̀fun. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Habbo ní, "Ọmọ òkè ni. Nígbà tí òkun ya wọ̀lú lọ́dún 1962, mo rí ẹ̀gbọ́n mi nínú omi, ọwọ́ mi ò tó o. Ẹ wá fẹ́ gbé ìkìlọ̀ omi lé ọmọ mẹ́fà tó ń háyà yàrá lọ́wọ́? Ẹni tó ń sá fún òjò, ìdí igi ńlá ló ń sá sí."

"Bàbá, igi ńlá náà ló wó lù wá."

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ gbà kí Alenka gbìyànjú títí ìgbà òtútù yóò fi parí. Ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni wọ́n gbé àwọn kọ̀ǹpútà sí. Onno ló ń ti inú ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ tẹ orúkọ ilé àti nọ́ńbà fóònù wọlé, irínwó ilé ó lé méjìlá ló wà níbẹ̀. Alenka ń to wáyà nísàlẹ̀ tábìlì, ó ń kọrin èdè rẹ̀. Bí Onno bá fi ìka méjì tẹ̀wé, Alenka a ní, "Akọ̀wé, ṣé àgbàdo lẹ ń gbìn ni?" Onno náà a ní kó má ṣe ro tíì òun o.

Nígbà tí ọdún tuntun wọlé, wọ́n jọ ń rìn lórí odi láàárín àwọn àgùntàn tí Onno ń sìn. Onno dúró.

"Alenka, 'ẹ' yìí ti sú mi. Ṣé mo lè pè ọ́ ní 'ìwọ'?"

"O ti pè mí báyẹn ná." Ó ki ọwọ́ rẹ̀ tó tutù bí yìnyín sínú àpò ẹ̀wù Onno. "Ó pẹ́ kó o tó sọ ọ́, ààyò mi."

Ìjì dé lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kejì, lọ́sàn-án. Odi dúró, ṣùgbọ́n òkun ga débi pé odò inú ìlú kò ríbi ṣàn sí, ó kún àkúnya. Ìkìlọ̀ jáde lásìkò, àwọn ènìyàn kó ẹrù sókè. Àfi ilé mẹ́tàdínlógójì tó wà lẹ́bàá odi. Fóònù tiwọn ò dún. Orí tábìlì ilé ìdáná ni wọ́n ti bá ìyá àgbà Okka Dirks, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Omi ti gbà á dé ojúgun kó tó gun tábìlì náà, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ti kán.

Ọjọ́ kẹrin rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ jókòó. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ti ṣílẹ̀kùn padà, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n tún dín owó kù. Alága, Reemt Saathoff, yíjú sí Onno.

"Ìwọ lo mú un wá. Kí lo rí sí i?"

Onno wo tábìlì. "Ẹ̀rọ tirẹ̀ ni. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀."

Alenka kó àpò rẹ̀, ó jáde. Onno bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Mi ò ní kó o gbèjà mi," Alenka wí, ohùn rẹ̀ tutù. "Tó bá jẹ́ èmi ni mo ṣe é, èmi ni mo ṣe é. Ṣùgbọ́n o lè wò mí lójú nígbà tó ò ń sọ ọ́." Ó gun kẹ̀kẹ́, kò wẹ̀yìn.

Ìgbìmọ̀ sún ìpinnu síwájú. Ní Ọjọ́bọ̀, Onno ṣí ìwé àkọsílẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ojú ìwé méjì lẹ̀ mọ́ra nítorí ọ̀rinrin. Ó fi ọ̀bẹ là wọ́n. Orúkọ ilé mẹ́tàdínlógójì ló wà níbẹ̀. Òun ló ṣí wọn fò. Ẹ̀rọ Alenka ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe.

Ó jókòó pẹ́. Ojú ìwé méjì ni. Bó bá fà á ya, ta ni yóò mọ̀? Ó lọ bá bàbá rẹ̀, ó sọ fún un.

"Ta ló tún mọ̀?" Habbo béèrè.

"Kò sí."

"Nígbà náà, Okka ni kó o kọ́kọ́ lọ bá."

Okka gbọ́ ọ tán lórí ibùsùn ọsibítù. "Ọmọ Habbo," ó wí, "ọwọ́ mi ló kán, etí mi ò di. Ìwọ tó o sọ ọ́ fún mi yìí, ó rọrùn. Lọ sọ ọ́ níbi tó ti máa dùn ọ́."

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún pé, Onno gbé ìwé náà kalẹ̀ níwájú wọn. "Èmi ni mo ṣe é. Obìnrin náà ò jẹ̀bi ohunkóhun. Mo jẹ́ kí ẹ bá a wí, mo sì dákẹ́."

Habbo dìde láàárín àwọn ará ìlú tó jókòó lẹ́yìn, ó fọwọ́ ti àga.

"Láyé àwọn baba wa, ẹni tí agbára rẹ̀ ò bá ká ibi tirẹ̀ lára odi mọ́, á gún ṣọ́bìrì rẹ̀ síbẹ̀, á fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fà á yọ ló ni ilẹ̀, òun náà ló sì ni iṣẹ́. Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, àwa gún ṣọ́bìrì wa sílẹ̀ fún àwọn tí ò mọ̀ wá. A rò pé ìrànlọ́wọ́ la gbà. Ọmọ òkè yẹn ló bá wa fà á yọ. Mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa nínú ilé mi. Mi ò ní sọ ọ́ láìdáa níbí."

Ènìyàn márùn-ún dìbò pé kí iṣẹ́ Alenka máa bá a lọ, mẹ́rin kọ̀. Wọ́n gba ipò akọ̀wé lọ́wọ́ Onno. Ó padà sídìí àgùntàn àti iṣẹ́ odi.

Ní ọjọ́ kejì ló wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Emden. Lẹ́tà kan wà lórí tábìlì Alenka. Ilé iṣẹ́ tó ti ìlú wa mọ́de ló kọ ọ́: kó máa bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, owó oṣù rẹ̀ yóò tó ìlọ́po mẹ́rin.

Onno dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ro gbogbo ẹjọ́ tán. "Mi ò wá dá ọ dúró," ó wí. "Mo wá wò ọ́ lójú ni, kí n sọ ọ́."

Alenka fọwọ́ ti lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mo ti kọ̀ wọ́n lọ́jọ́ Ajé. Kì í ṣe nítorí rẹ."

"Mo mọ̀."

"Mo fẹ́ kó o mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìyá àgbà yẹn ni mò ń rò. Bí èmi náà bá lọ, ta ni yóò jókòó ti ẹ̀rọ yẹn títí yóò fi dára?" Ó ṣílẹ̀kùn fún un. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá, ọ̀gbẹ́ni Freerks."

"Ẹ" yẹn gún Onno lọ́kàn ju èébú lọ.

Alenka padà sí Ostersiel, iṣẹ́ ló gbé e wá. Ní gbogbo àkókò ìrúwé, "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàbọ̀" nìkan ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. Onno ò bẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà. Ó rìn dé irínwó ilé ó lé méjìlá náà, ó yẹ nọ́ńbà fóònù wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kó ìwé rẹ̀ sórí tábìlì Alenka láìsọ̀rọ̀. Ó ń bá Okka la igi ìdáná. Alenka ń wò ó láti ojú fèrèsé.

Ní òpin oṣù karùn-ún, Alenka bá a lórí odi níbi tó ti ń di ihò tí ehoro gbẹ́.

"O ti rù," ó wí. "Ṣé o ń jẹun ṣá?"

Onno fi ṣọ́bìrì sílẹ̀. Omi lé sí i lójú, ó yíjú sí òkun kí Alenka má bàa rí i. Alenka rí i. Ó wá dúró tì í, ó gbé orí lé e léjìká, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ títí àwọn àgùntàn fi rìn kọjá wọn.

Oṣù kẹsàn-án ni Onno béèrè, ní ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́, láàárọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kọ̀ǹpútà tí ń kùn.

"Mi ò ní ipò mọ́, Alenka. Àgùntàn ni mo ní, àti bàbá tí ẹnu rẹ̀ mú. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Alenka pa ìwé tó ń kà dé. "Iṣẹ́ wa yìí, yóò tún bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Ṣé o mọ̀?"

"Yóò bàjẹ́. Odi náà ń bàjẹ́ lọ́dọọdún."

"Lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

"Lọ́jọ́ yẹn, àwa méjèèjì la ó jọ dúró níwájú wọn. Mi ò ní wo tábìlì."

Alenka wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́ kó tó jáde nílé. Ó na ọwọ́ sí i. "Ó dáa," ó wí. "Lọ sọ fún Bàbá pé ọmọ òkè ò padà sókè mọ́."