Ibi Tí Canela Ṣubú Sí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ yín, mo kí yín. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tí ó tún jí wa sáyé lónìí. Ìtàn yìí kò rọrùn fún mi láti sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fẹsẹ̀ kọ ní í kìlọ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

"Casilda, gun ẹṣin rẹ! Oòrùn ń lọ!"

Ọ̀gbẹ́ni Renzo, ará Ítálì tí ó ń ya sinimá, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ nínú aginjù Almería, ní ọdún 1971. Sinimá àwọn ọlọ́ṣà tí wọ́n sá gba ẹnubodè wọ Mẹ́síkò ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnì kankan nínú wọn tí ó dé Mẹ́síkò rí. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Àwọn ará abúlé tí wọ́n bá kú bí ọlọ́ṣà ní òwúrọ̀ yóò pààrọ̀ fìlà, wọn yóò sì padà wá bí ṣọ́jà ní ọ̀sán.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti kú lónìí," ni Práxedes wí. Ìyá alásè ni, ṣùgbọ́n nítorí pé ọkùnrin kò tó, wọ́n lẹ irùngbọ̀n mọ́ ọn lẹ́nu. "Ọkọ mi ò tíì da omijé ẹyọ kan!"

Casilda, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kò rẹ́rìn-ín. Ó di ìjánu Canela mú. Eusebio, bàbá àgbà rẹ̀, ló ni ẹṣin náà, òun ló sì kọ́ ọ láti máa ṣubú. Bí ẹni tí ó gùn ún bá fa ìjánu sí ọ̀tún, Canela yóò wó lulẹ̀ bí ẹni tí ìbọn bà, yóò sì dìde láìfarapa. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ olókùúta ni ilẹ̀ ibẹ̀. Nítorí náà, Eusebio yóò kọ́kọ́ gbẹ́ ojú ibi tí yóò ṣubú sí dé orúnkún, yóò ṣa òkúta kúrò, yóò da iyanrìn àti koríko gbígbẹ sí i, lẹ́yìn náà ni yóò ju ara rẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ibi tí egungun tèmi ò bá gbà," ni ó máa ń wí, "Canela ò gbọdọ̀ ṣubú sí i."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ó ti gbẹ́ ilẹ̀, ó fi òkúta funfun méjì sàmì sí i, ó sì lọ rí dókítà ojú ní ìlú. "Má fa ìjánu níbòmíràn o," ni ó sọ fún Casilda kí ó tó lọ.

"Mo ti gbọ́, Bàbá àgbà."

Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, òjìji òkè bo ibi tí Eusebio gbẹ́ mọ́lẹ̀. Renzo gbé kámẹ́rà lọ sí ibi tí oòrùn kù sí.

"Ọ̀gá, wọn ò tíì gbẹ́ ibẹ̀ yẹn," ni Casilda wí.

"Ìṣísẹ̀ ogún péré ni, ọmọ mi. Ìmọ́lẹ̀ ń tán, fíìmù náà ń tán. Tí o bá ṣe é, màá ya ojú rẹ nítòsí, màá sì kọ orúkọ rẹ sára sinimá. Gbogbo ayé á kà á."

"Casilda, dúró de bàbá àgbà rẹ," ni Práxedes wí.

Ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Fermín, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kó máa lọ sílé lọ hun ìbọ̀sẹ̀! Ẹṣin ló ń gùn ún, òun kọ́ ló ń gun ẹṣin!"

Gbogbo ọlọ́ṣà rẹ́rìn-ín. Ojú ti Casilda. Ó rí orúkọ ara rẹ̀ lójú inú, gàdàgbà-gadagba lára ògiri. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ni ó wí lọ́kàn. Ó gun ẹṣin.

Canela sáré. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí oòrùn wà, Casilda fa ìjánu.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Balaamu rí ewu, ó kọ̀, ó sì rí ohùn fi sọ̀rọ̀. Canela kò ní ohùn. Ìgbọràn nìkan ni wọ́n kọ́ ọ. Ó ṣubú, nǹkan sì ró bí igi gbígbẹ tí ó dá.

"Ó dára! Ó dára gan-an ni!" ni Renzo ń ké, títí ó fi rí ẹsẹ̀ ẹṣin náà. Ó ṣí fìlà.

Ẹsẹ̀ ẹṣin tí ó bá ṣẹ́ báyẹn kì í jinná. Gbogbo wọn mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Ọgbọ̀n ìbọn wà níbẹ̀, kò sì sí ọta nínú ọ̀kan. Ariwo àti èéfín lásán ni. Wọ́n ránṣẹ́ pe dókítà ẹran ní ìlú, wọ́n sì jókòó, wọ́n ń dúró. Casilda gbé orí Canela lé itan. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹṣin náà yóò gbìyànjú láti dìde bí wọ́n ti kọ́ ọ, yóò sì wò ó lójú bí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ tán tí ń retí ìyìn. Práxedes ń lé eṣinṣin, omijé rin irùngbọ̀n ayédèrú rẹ̀ gbingbin.

Ọkọ̀ kan náà ló gbé Eusebio àti dókítà ẹran dé. Bàbá àgbà wo òkúta funfun méjì náà lọ́ọ̀ọ́kán, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀.

"Ta ló gbẹ́ ibí?"

"Kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ, Bàbá àgbà. Mo mọ̀. Mo mọ̀, mo sì fa ìjánu."

Ó fọwọ́ ra ọrùn Canela. "Ó gbà ọ́ gbọ́ ni," ni ó wí.

Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, ìbọn kan ṣoṣo ló dún ní tòótọ́.

Ní ọdún kejì, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, wọ́n fi sinimá náà hàn nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí orúkọ Casilda níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ àti fìlà nìkan ló hàn. Bí Canela ti yọ sójú ògiri, Casilda dìde.

"Má fà á!" ni ó ké sí ọmọbìnrin orí ẹṣin náà.

Ọmọbìnrin náà fà á. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́.

"Ẹ tún un ṣe!" ni àwọn ọmọdé ń pariwo. Ẹni tí ń fi sinimá hàn sì yí i padà sẹ́yìn. Canela gbéra nílẹ̀, ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ara rẹ̀ le koko. Casilda gbàgbé láti mí. Lẹ́yìn náà Canela tún ṣubú.

Eusebio di ọwọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú.

"Bàbá àgbà, ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

"Láti ọjọ́ náà gan-an ni. Ṣùgbọ́n èmi náà ò lè dá ìṣubú náà dúró, ọmọ mi."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Ọlọ́run a máa dárí jini, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó ti lọ kì í padà. Esau fi omijé wá ìbùkún rẹ̀, kò rí i. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Bí wọ́n bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ kí ẹ lè ṣe ohun tí ẹ mọ̀ pé kò tọ́, ẹ gba yẹ̀yẹ́ náà. Kì í ṣẹ́ni léegun. Kí ẹ sì ronú nípa ẹni tí ó gbà yín gbọ́, nítorí òun ni yóò ṣubú.

Kí Olúwa má jẹ́ kí ọwọ́ yín fa ohun tí ojú yín yóò máa sunkún lé lórí. Kí Ó ṣọ́ ìrìn yín, àti ti ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé yín. Àmín.