Ẹ Kí Bàbá Kí Ẹ Tó Kọjá

Ọkùnrin náà ń bọ̀ láti ìkángun òpópónà bí ẹni tó gbé ẹyin lórí. Ó ga, ó dúdú mìnìjọ̀, òógùn ti mú kí ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ìwé kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi bírò há etí, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Khairiyyah tó ń sá aṣọ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé wọn ní Ìta Fàájì pa aṣọ tì, ó ń wò ó.

Bàbá rẹ̀, Alhaji Tìjání, wà nísàlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó máa ń jókòó sí láràárọ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọjá níbẹ̀ tí kì í kí i, àtonílé àtàlejò. Alhaji retí kí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kí òun, kò gbọ́ nǹkan kan. Ló bá ṣe ohun tí kì í ṣe, òun àgbà ló kọ́kọ́ kí ọmọ.

"Ẹ kú ìrìn o."

Ọkùnrin náà kò dáhùn. Ìka kan ló nà sí Alhaji, bí ìgbà tí olùkọ́ bá ní kí kíláàsì dákẹ́, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Khairiyyah. Bàbá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Èmi Tìjání," ló ń sọ ṣáá, "lẹ́nu ọ̀nà bàbá mi, ọmọ na ìka sí mi!"

Lọ́jọ́ kejì, Khairiyyah wà nídìí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́ nítòsí Tinúbú, àfi bí ọkùnrin oníìka ṣe wọlé. Ubaydullah lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn nílé ìwé. Ó fẹ́ tẹ máàpù kan tí èèyàn lè mú dání, kó sì dá rin Èkó àtijọ́ já láìsí amọ̀nà: láti Tinúbú dé Mọ́ṣáláṣí Ṣítà, dé àwọn ilé tí àwọn Àgùdà tó ti Bràsíl dé kọ́, títí dé Ìga Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó. Ó ti ka iye ìṣísẹ̀ láti ibì kan sí ìkejì, kí àlejò má baà ṣìnà.

"Ìṣísẹ̀ mélòó ló dé ilé onífèrèsé aláwọ̀ ewé ní Ìta Fàájì?" Khairiyyah bi í.

"One thousand and nineteen. Ẹ mọ ibẹ̀ ni?"

"Bàbá mi lẹ na ìka sí níbẹ̀."

Ubaydullah gbá orí mú. "Yéè! Bàbá tó dé fìlà pupa yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá lanu pẹ́nrẹ́n, òǹkà mi á dàrú, màá sì padà sí Tinúbú lọ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn!"

"Máàpù yín gan-an dàrú. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ibí yìí, ògiri ló máa fimú gbá. Ẹ fún mi ní bírò."

Bó ṣe di pé wọ́n jọ ń rìn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé nìyẹn. Ubaydullah mọ ọdún tí wọ́n kọ́ ilé kọ̀ọ̀kan, Khairiyyah mọ ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Òun ló mọ kọ̀rọ̀ tó tutù lọ́sàn-án, òun ló sì ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀pà tí wọ́n bá jọ rà.

Ní Marina lọ́jọ́ kan, Ubaydullah ṣàdédé dúró. "Khairi, mi ò mọ iye ìṣísẹ̀ tí mo rìn lónìí."

"Kí ló dé?"

"Ìwọ ni mò ń wò, ayọ̀ mi."

"Ẹ wá gbọ́ ẹnu Ìjẹ̀bú!" Àmọ́ ọkàn rẹ̀ ń jó. Khairiyyah ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ tipẹ́, nígbà tí Ubaydullah sì bi í bóyá yóò fẹ́ òun, ó ní òun yóò fẹ́ ẹ. "Ṣùgbọ́n tí bàbá mi ò bá fọwọ́ sí i, mi ò lè kúrò nílé wọn. Èmi nìkan ni wọ́n bí."

Ubaydullah àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Alhaji. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó tọrọ àforíjì. Ìka kan ni Alhaji nà, ó fi ọ̀nà hàn wọ́n.

Khairiyyah sunkún títí. "Bàbá, ó ti bẹ̀ yín."

"Ògiri ilé mi ló rí, kò rí èmi tí mo jókòó níwájú rẹ̀," Alhaji dá a lóhùn. "Tó bá mú ọ lọ, ṣé ó máa rí ọ?"

Khairiyyah sọ ọ́ fún Ubaydullah bó ṣe gbọ́ ọ. Ubaydullah gba máàpù náà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé òmíràn wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò sí iye ìṣísẹ̀ kankan nínú rẹ̀ mọ́; àwọn tí èèyàn máa kí lójú ọ̀nà ló kọ síbẹ̀. Khairiyyah ka ibùdó karùn-ún: "Ilé Alhaji Tìjání. Ẹ kí bàbá kí ẹ tó kọjá. Èmi tí mo ṣe máàpù yìí kọjá láìkí wọn, mo sì jẹ̀bi. Ilé ni mo wò, mi ò wo ẹni tó ni ín."

"Tí bàbá bá bínú sí èyí, a ti parí nìyẹn," Khairiyyah sọ.

"Mo mọ̀. Tẹ̀ ẹ́."

Khairiyyah tẹ̀ ẹ́.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí máàpù náà jáde, obìnrin méjì láti Ìbàdàn kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú ìjókòó, bàbá." Alhaji rò pé wọ́n ṣì í mọ̀ ni. Kó tó di àsìkò ìrun ọ̀sán, mọ́kànlá ti kí i. Òyìnbó kan tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ tòun ti báàgì lẹ́yìn, kò lè dìde mọ́, Alhaji ló fà á sókè. Ẹ̀rín ń pa bàbá yìí, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìtàn bí bàbá rẹ̀ àgbà ṣe kọ́ ilé náà. Lọ́sẹ̀ kejì, ó wọ agbádá tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó gbé bẹ́ǹṣì síta.

"Ta ló ń rán yín níṣẹ́ sí mi gan-an?" ló bi àlejò kan. Ìyẹn fún un ní máàpù. Alhaji pe Khairiyyah kó wá kà á fún òun.

Khairiyyah ka ibùdó karùn-ún fún un.

"Tún un kà."

Ó tún un kà. Alhaji ń wo ojú ọ̀nà.

"Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni, bàbá."

"Ṣé ọmọ oníìka yẹn lo ṣì fẹ́?"

"Òun ni, bàbá. Òun náà ni."

"Pè é fún mi."

Kò pẹ́ tí Ubaydullah fi dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná. Alhaji fà á lọ́wọ́ dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀ nù.

"Ẹnu ọ̀nà ni àwọn tó ń wá kí mi máa ń dúró sí," Alhaji sọ. "Ìwọ, wọlé. Inú ilé ni ìyàwó rẹ wà."

Khairiyyah tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn gbọ́ ọ. Kò mọ ìgbà tó bú sẹ́kún ayọ̀.

Nínú pálọ̀ ilé náà ni wọ́n ti so yìgì wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lemọ́mù kò tíì béèrè tán tí Khairiyyah fi ní òun gbà.