Ìwé Tó Dé Iléṣà Lẹ́ẹ̀mejì

Òjò ló lé Jọmílójú wọ ṣọ́ọ̀bù Adéyọrí ní Old Garage, Òṣogbo. Ó gbá páálí ìgò mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, omi ń kán nírun rẹ̀, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín. Adéyọrí, tí í bá àwọn oníṣòwò tẹ lẹ́tà àti lébẹ́ẹ̀lì, gbàgbé ohun tó ń tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà.

Àdí tó fi ewé sè fún ìpara ọmọdé ni ọmọge Iléṣà yìí ń tà, lébẹ́ẹ̀lì ló sì wá ṣe. Adéyọrí fẹ́ kó mọ̀ pé òun kàwé. Ló bá da gẹ̀ẹ́sì ńláńlá sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi túmọ̀ ìlà kejì yìí," ni Jọmílójú wí.

Adéyọrí tún ìlà náà kà. Kò lè túmọ̀ ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

"Ọ̀gá akọ̀wé!" Jọmílójú bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá ọmọ tó máa rà á ní Òkè Baálẹ̀ ńkọ́? Tó bá rò pé mímu ni, tó rọ ọ́ sọ́mọ lẹ́nu ńkọ́?"

Ojú tì í. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó kọ ọ́ báyìí: Àdí ọmọdé. Ẹ fi ra ara ọmọ. Ẹ má ṣe fún un mu.

Ọjà àdí gbilẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ara ìgò yé àwọn ìyá. Jọmílójú tún ń wá tẹ lébẹ́ẹ̀lì lọ́dọ̀ Adéyọrí nígbà tí èyí tó wà nílé kò tíì tán. Bí ìfẹ́ bá ti wọlé, àwáwí kì í wọ́n.

Nígbà tó dọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, bàbá Jọmílójú, aláṣọ àtijọ́ ní Iléṣà, ní kí Adéyọrí kọ̀wé sóun kó tó kó ẹbí wá. Ẹ̀rù bà á. Ó kọ ojú ewé mẹ́ta, òwe lórí òwe, gẹ̀ẹ́sì lórí gẹ̀ẹ́sì. Jọmílójú ló gbé e padà wá.

"Kí ni Bàbá wí?"

"Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mẹta, kò yé wọn. Wọ́n ní ẹni tó bá ń yin aṣọ tí kò jẹ́ ká tú u wò, aṣọ náà ti ya níbì kan. Wọ́n ní ká gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ." Omi lé sí i lójú. "Yọrí mi, o ro ti ìyá ọmọ Òkè Baálẹ̀. O ò ro ti bàbá mi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọra. Kò gbọdọ̀ pàdánù obìnrin yìí. Ó fa bébà kan, ó kọ:

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Jọmílójú ni mo fẹ́ fẹ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n mo níṣẹ́ lọ́wọ́. Bí mo bá ṣẹ̀ ẹ́, màá bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù yín ló bà mí tí mo fi kọ ìwé àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi.

Jọmílójú mú un lọ sí Iléṣà. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, Adéyọrí kò gbúròó. Lọ́jọ́ karùn-ún, Jọmílójú wọlé, kò rẹ́rìn-ín, ó na àpòòwé sí i. Ìwé Adéyọrí ló wà nínú rẹ̀. Bàbá ti kọ̀wé sísàlẹ̀: Ó yé mi. Kó ẹbí rẹ wá ní Sátidé.

Adéyọrí fẹ́ pariwo ayọ̀.

"Ṣe sùúrù," ni Jọmílójú wí. "Yí i padà."

Lébẹ́ẹ̀lì àdí kan ló lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Jọmílójú ti fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ àtijọ́, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ tuntun: Jọmílójú. Ti Adéyọrí ni. Ẹ má ṣe fún ẹlòmíràn.

"Ṣé ó yé ẹ, ọ̀gá akọ̀wé?"

Adéyọrí dì í lọ́wọ́ méjèèjì mú. "Ó yé mi."