Àmín Tí Ọpọlọ-Ilé Gbọ́

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Mofólúwaṣọ́, tó ń ṣètò ọpọlọ-ilé, fi sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbé ọpọlọ tuntun wọ ilé rẹ̀, ní ìlú tí àwọn ọmọ wa tẹ̀ dó sórí òṣùpá, yóò dáhùn ìbéèrè títí orí yóò fi máa fọ́ ọ. Ọpọlọ-ilé ni ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ilé, tó sì ń pa ohùn àwọn ará ilé mọ́. A kì í pè é ní ẹ̀mí. Olúwa nìkan ló ń fúnni ní ẹ̀mí.

"Mofó, kí ló ń jẹ́ 'pín àyè ìpamọ́ sí méjì'? Ṣé ogún ni?" Ìyá rẹ̀ a pè é láti bi í.

"Màámi, mo máa yọ gbogbo ẹ̀ kúrò. Kódà tí ẹ bá ṣe Àmín lásán, ó máa gbà pé bẹ́ẹ̀ ni lẹ wí."

"Má yọ gbogbo ẹ̀ o. Ibi tí kò bá yé mi ni mo ti ń rí ẹ pè."

"Ẹ fẹ́ràn wàhálà jù, Màámi."

Ó yọ ìbéèrè àyè ìpamọ́ náà. Ó ní kí ẹ̀rọ kàn máa gbá ohun àtijọ́ dànù, torí ọ̀pọ̀ ilé kò tọ́jú nǹkan kan síbẹ̀. Kò rántí pé ibẹ̀ ni ohùn bàbá òun wà. Láti ìgbà tí Bàbá ti sùn nínú Olúwa, ohùn yẹn ló ń ṣáájú àdúrà òwúrọ̀, tí ìyá rẹ̀ ń ṣe Àmín lórí ìkúnlẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọpọlọ àtijọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùnà. Atẹ́gùn ń dínkù, ọpọlọ tuntun sì dé láti rọ́pò rẹ̀. Ohùn Bàbá ń gbàdúrà lọ́wọ́, ó ń fi oríkì pe Mofólúwaṣọ́: "Olúwa, má jẹ́ kí Àbẹ̀kẹ́ mi sunkún nílẹ̀ àjèjì."

Ohùn jẹ́jẹ́ ọpọlọ tuntun tẹ̀ lé e: "Ṣé kí n tún ilé yìí ṣe fún yín?"

Ìyá kò lajú. "Àmín." Ohùn Bàbá gé lójijì.

Nígbà tí Mofólúwaṣọ́ sáré dé, atẹ́gùn ti mọ́ lóló. Ìyá rẹ̀ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Màámi, kí ló dé tí ẹ ò pè mí?"

"O ní ó ti rọrùn. Mi ò fẹ́ dà ẹ́ láàmú." Ó nawọ́ sí ògiri. "Bá mi bẹ̀ ẹ́ kó parí àdúrà náà. Ìwọ ló ń gbàdúrà fún."

Àbẹ̀kẹ́ wá inú ẹ̀rọ náà títí dé ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ṣẹ́ nǹkan kan kù.

"Mo ti parí," ni ilé wí. "Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, kí Àmín má baà jáde.