Mọ̀ríámọ̀ Kò Ní Lọ sí Ìkòyí-Ilé

Ọkùnrin kan jókòó sínú ẹrẹ̀ lẹ́nu géètì ilé-ẹ̀kọ́ girama kan l'Ọ̀yọ́, òjò ń pa á, ṣòkòtò funfun ló sì wọ̀. Ọmọbìnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù jókòó tì í, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó ń mì síwá sẹ́yìn. Bí Ràódàt, olùkọ́ ìṣirò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbẹ̀, ṣe rí wọn nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti fa ọmọ náà dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ má fọwọ́ kàn án. Aago ilé-ìwé yín ló pariwo jù. Ó máa dìde tó bá yá."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ò rí ṣòkòtò yín ni?"

"Télọ̀ ni mí, ma. Màá rán òmíràn."

Ẹ̀rín pa Ràódàt.

Nùrẹ́nì lorúkọ ọkùnrin náà. Mọ̀ríámọ̀ àbúrò rẹ̀ ní ohun tí àwọn dókítà ń pè ní ọ́tísìmù. Ariwo máa ń dà á láàmú, ìyípadà òjijì a máa dẹ́rù bà á, kì í sì í mọ ìgbà tí èèyàn bá ń ṣàwàdà. Àwọn òbí wọn ti kú. Ràódàt bẹ ọ̀gá ilé-ìwé títí wọ́n fi gbà kí ọmọ náà máa ṣe ìdánwò nínú yàrá tó dákẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń yà ní ṣọ́ọ̀bù Nùrẹ́nì láti ròyìn fún un. Kí wọ́n tó fura, ọ̀rọ̀ ọmọ ti di ọ̀rọ̀ tiwọn.

"Tíṣà mi, kí lẹ fẹ́ kọ́ mi lónìí?"

"Bí wọ́n ṣe ń fún àlejò ní àga, olówó orí mi."

Nígbà tó yá, Mọ̀ríámọ̀ yege, yunifásítì kan l'Ógbómọ̀ṣọ́ sì gbà á wọlé. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Nùrẹ́nì rán èèyàn sí Alàájì Mashood, bàbá Ràódàt.

"Inú ẹ̀jẹ̀ wọn ni àrùn yẹn wà," bàbá sọ. "Ọmọ-ọmọ mi ò gbọdọ̀ rí báyẹn."

Ràódàt ṣàlàyé títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nígbẹ̀yìn, bàbá ní tí Nùrẹ́nì bá fẹ́ ẹ lóòótọ́, kó gbé àbúrò rẹ̀ lọ fún ìyá àgbà wọn ní Ìkòyí-Ilé, níbi tí ojú àlejò ò ti ní tó o.

Kò yẹ kí Ràódàt jíṣẹ́ yìí. Àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́, àwọn àbúrò rẹ̀ sì ti lọ sílé ọkọ tán.

"Fún ọdún kan péré, Nùrẹ́nì. Tá a bá ti ṣègbéyàwó, a ó lọ mú un padà."

Nùrẹ́nì dá ẹ̀rọ dúró. "Bàbá ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ mọ̀ ọ́n."

Mọ̀ríámọ̀ ń ká aṣọ lẹ́yìn wọn. "Àǹtí, ṣé yunifásítì wà ní Ìkòyí-Ilé?"

Nùrẹ́nì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀rọ rẹ̀.

Nùrẹ́nì kọ̀ jálẹ̀; ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ lọ sí Under G, àdúgbò kan nítòsí yunifásítì náà l'Ógbómọ̀ṣọ́. Kí ilé-ìwé tó wọlé, ó mú àbúrò rẹ̀ lọ wo gbogbo yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ́ ọn lójú. Kò gbé ìpè Ràódàt.

Lẹ́yìn Iléyá, Ràódàt wọkọ̀ lọ bá wọn. Mọ̀ríámọ̀ ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ ní kí n lọ sí Ìkòyí-Ilé. Ṣé ẹ ṣì fẹ́ kí n lọ?"

"Rárá o. Mo ṣẹ̀ ọ́, Mọ̀ríámọ̀. Dárí jì mí."

"Ó dáa." Ó padà sídìí ìwé rẹ̀.

Nùrẹ́nì ń rán aṣọ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, gbogbo Sátidé ni Ràódàt ń wá. Ó lọ bá àwọn olùkọ́ yunifásítì náà, ó bẹ̀ wọ́n pé tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ yàrá, kí wọ́n tètè sọ fún ọmọ náà. Ó kọ́ ọ bó ṣe lè fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ibi ìdákẹ́jẹ́. Ó pẹ́ kí Nùrẹ́nì tó tún pè é ní Tíṣà mi.

Nígbà tí bàbá rí i pé ọmọ òun ò ní fẹ́ ẹlòmíì, ó yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n ó búra pé ẹsẹ̀ òun ò ní dé ibi ìgbéyàwó náà. Àbúrò bàbá ló wá dúró fún un. Ní mọ́ṣáláṣí kékeré kan l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti so yìgì. Ràódàt ń wo ẹnu ọ̀nà títí wọ́n fi ṣàdúà tán. Bàbá ò wá.

"Ṣé o ti dárí jì mí?" ó bi ọkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n jáde.

Nùrẹ́nì bá a tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Mo fẹ́ ọ. Èyí tó kù ṣì ń dùn mí."

Ràódàt mi orí pé òun gbọ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mọ̀ríámọ̀ ti bọ́ síwájú. Wọ́n tẹ̀ lé e gba ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ariwo ò ti pọ̀.