Ohùn Inú Ẹ̀rọ Afọbọ́

Ojú mi yìí ló rí i, etí mi yìí ló gbọ́ ọ. Ẹnì kankan kọ́ ló wá ròyìn rẹ̀ fún mi. Ká ní wọ́n sọ ọ́ fún mi ni, èmi náà ìbá ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀, ní Yábàá, ní ọdún 1958. Ojú ọ̀sán gangan ni, ara mi sì yá.

Rónkẹ́ ni àbúrò mi obìnrin. Túbọ̀sún, ọmọ Ìjẹ̀bú, ni ọkọ rẹ̀. Ìlú Ọba ni wọ́n ti pàdé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣègbéyàwó. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n gba ilé kan tí kò jìnnà sí ọjà Tejúoṣó. Kò pẹ́ tí Rónkẹ́ fi lóyún, oyún náà sì dà á láàmú. Ọkọ tèmi ti kú, n kò sì ní ọmọ lọ́wọ́, ni mo bá kó lọ bá wọn kí n lè máa ràn án lọ́wọ́.

Túbọ̀sún kò fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ fọ abọ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ra ẹ̀rọ afọbọ́ lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé. Ẹ̀rọ náà funfun, ó ga tó ìbàdí mi, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú. Wọ́n so ó mọ́ omi, wọ́n so ó mọ́ iná. Èèyàn á to abọ́ sínú rẹ̀, á tì í, á yí bọ́tìnnì, omi gbígbóná á sì máa fọ́n sára àwọn abọ́ náà. Ìyá kan wá láti Ìpọ̀nrí, ó gbé àpótí síwájú rẹ̀, ó sì jókòó wò ó títí ó fi parí iṣẹ́.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Abọ́ ń jáde pẹ̀lú ọ̀rá lára. Túbọ̀sún yọ apá irin tó ń yí nínú rẹ̀, èyí tó ń fọ́n omi. Hóró ìrẹsì ti dí àwọn ihò rẹ̀. Ó fi igi ìgbálẹ̀ gún wọn, abọ́ sì ń mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, omi ń jò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó nu rọ́bà tó yí ẹnu ilẹ̀kùn ká, omi sì dá.

"Ẹ̀rọ kì í ṣe idán, Àǹtí," ó sọ fún mi. "Tó bá dákú, nǹkan ló ṣe é."

Ó fẹ́ràn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Á máa súfèé, á máa dápàárá. Ilé kì í dákẹ́ tó bá ti wọlé.

Ìgbà tí omi kọ̀ tí kò lọ mọ́ ni nǹkan yí padà. Ẹ̀rọ á fọ abọ́ tán, á dákẹ́, omi á sì dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi dúdú. Omi gbígbóná ló ń lò, ṣùgbọ́n èyí tutù bí omi kànga.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Rónkẹ́ jáde láti ilé ìdáná, ó wá dúró tì mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pè mí?"

"N ò pè ọ́."

"Ẹnì kan pè mí."

"Bóyá ọkọ rẹ ni."

"Ó wà níbi iṣẹ́."

Mo gbójú sókè. "Ṣé o dáhùn?"

"Rárá. Mo ní kí n bi yín ná."

Mo dúpẹ́ nínú mi. Láti kékeré ni ìyá wa ti kọ́ wa pé a kì í dáhùn ìpè tí a kò bá mọ ẹni tó pè wá.

Lọ́jọ́ kejì, ó kàn mí. Rónkẹ́ ti lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mo kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ náà, mò ń fi ife bu omi inú rẹ̀ dànù. Ilé pa rọ́rọ́. Kódà, n kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni ládùúgbò.

"Àrínọlá."

Ohùn jẹ́jẹ́ ni. Ìsàlẹ̀ ló ti wá, láti ojú ihò tó yẹ kí omi gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sẹ́ni tó ń pè mí lórúkọ nínú ilé yẹn. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Ife bọ́ sínú omi. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ dúró síta lójú oòrùn títí Rónkẹ́ fi dé.

Túbọ̀sún kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí a sọ fún un. Ó ní afẹ́fẹ́ ló há sínú páìpù, pé afẹ́fẹ́ lè dún bí ohùn èèyàn. Ó ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Mùṣín, Yẹ̀kínnì, tó ń tún fíríìjì ṣe.

Ọ̀sán Sátidé ni Yẹ̀kínnì wá. Wọ́n fa wáyà ẹ̀rọ náà yọ lára ògiri, wọ́n sì fà á síwájú. Èmi àti Rónkẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n yọ asẹ́ tó ń gba ìdọ̀tí. Asẹ́ mọ́. Wọ́n wo rọ́bà tí omi ń gbà jáde bóyá ó ká kò. Kò ká kò. Yẹ̀kínnì tú u, ó fẹnu fẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ sì gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n so ó padà. Wọ́n fi ọwọ́ yí ohun tó ń ti omi síta. Ó yí.

"Kò sóhun tó dí i," Yẹ̀kínnì wí.

"Kí ló wá dá omi dúró?"

Yẹ̀kínnì bojú wẹ̀yìn, ó wò wá. Ó tún wo inú ẹ̀rọ náà. Òógùn bò ó lójú.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ pè mí?" ó bi wá.

A mi orí pé rárá. Ó rọra ń kó irin iṣẹ́ rẹ̀ sápò.

"Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ ká fi í sílẹ̀ lónìí."

"Ó ku díẹ̀," Túbọ̀sún wí. Ó dùbúlẹ̀, ó ti orí àti apá bọ inú ẹ̀rọ náà.

Nígbà náà ni gbogbo wa gbọ́ ọ.

"Túbọ̀sún ò!"

Ohùn ìyá rẹ̀ ni. Mo mọ ohùn náà, torí Màmá ti wá kí wa rí. Ó dún bí ìgbà tí ìyá bá ń pe ọmọ láti ẹ̀yìnkùlé.

"Má dáhùn o!" Rónkẹ́ kígbe.

Ó ti bọ́. Ta ni ìyá rẹ̀ máa pè tó máa kọ́kọ́ rò ó kó tó dáhùn?

"Màmá! Mo ń bọ̀!"

Omi lọ. Gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó dún bí ìgbà tí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ bá gbé omi mì. Túbọ̀sún fa orí rẹ̀ yọ, ó jókòó sílẹ̀. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wo àlejò.

"Ó ti dáa," ó wí.

Yẹ̀kínnì kò tún tẹ ilé náà mọ́.

Lóòótọ́, ẹ̀rọ náà dáa. Kò tún ṣe wàhálà kankan. Túbọ̀sún náà ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kò súfèé mọ́. Bí a bá bá a sọ̀rọ̀, á fèsì. Bí a bá pe orúkọ rẹ̀, kì í gbọ́. Kì í ṣe pé ó ń díbọ́n. Orúkọ náà ń kọjá lára rẹ̀ ni, bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú pálọ̀, Rónkẹ́ dúró níwájú rẹ̀ gan-an.

"Túbọ̀sún."

Ètè rẹ̀ kò mì. Láti ilé ìdáná ni ìdáhùn ti wá.

"Hẹ́n, Rónkẹ́."

Ohùn rẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ àtijọ́, èyí tó ní ẹ̀rín nínú. Rónkẹ́ di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. A kò pe orúkọ náà mọ́.

A kò ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Màmá fúnra wọn ló wọ bọ́lẹ̀kájà wá láti Ìjẹ̀bú. Wọ́n gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ dání, oúnjẹ tí ọmọ wọn fẹ́ràn jù lọ. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Sátidé kan báyìí, mo wà lẹ́yìnkùlé. Ó kàn wá sí mi lọ́kàn ni, mo pè é. Mi ò mọ̀dí. Mo gbọ́ tó dá mi lóhùn. Ó lóun ń bọ̀." Wọ́n wo ojú wa. "Mo retí rẹ̀ títí. Kò dé."

Màmá gbé oúnjẹ náà síwájú ẹni tó jókòó ní pálọ̀.

"Kí nìyí?" ó béèrè.

"Ìkọ́kọrẹ́ ni."

"N ò jẹ ẹ́ rí."

Màmá wò ó títí. Wọ́n wo ọwọ́ rẹ̀, wọ́n wo etí rẹ̀. Wọ́n wá pè é, jẹ́jẹ́.

"Túbọ̀sún."

Ó ṣí ìwé ìròyìn tó ń kà sójú ewé mìíràn.

"Màmá, ṣé ẹ ti dé?" Láti ilé ìdáná ni.

Màmá gbé abọ́ náà, wọ́n tọ ohùn náà lọ. A tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀rọ náà dákẹ́, a ti fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri láti ọjọ́ tó ti dá Rónkẹ́ lóhùn. Màmá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ṣé ebi ń pa ọ́?"

"Ó ń pa mí, Màmá."

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Wọ́n gbé oúnjẹ náà sí i, wọ́n tì í, wọ́n sì fi orí tì í lára. A gbọ́ ìró kékeré kan, bí ẹni tó ń lá ìka. Nígbà tí wọ́n ṣí i, abọ́ náà mọ́. Ó gbẹ.

Màmá kò sunkún. Wọ́n nu ọwọ́ wọn sára ìró tí wọ́n ró.

"Rónkẹ́, kó ẹrù rẹ. Ìjẹ̀bú lo máa bímọ sí."

"Ọkọ mi ńkọ́, Màmá?"

Àga dún ní pálọ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ ti dìde, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Màmá wo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n wo ẹ̀rọ náà.

"Èwo?"