Ọwọ́ Tí Òkè Ẹfun Nà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí òkúta kọ́kọ́ na ọwọ́ sí Ìbídùn, ìkùukùu ṣì bo àfonífojì bí ẹni fi òwú dí ẹnu ìkòkò. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ara ògiri funfun náà, ó dúró. Lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, òkúta gbóná díẹ̀, ó wú, ó sì rọra ń yọ jáde títí tó fi di ohun tí ìka lè dì mú. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Òmíràn ti ń yọ níbi tí ẹsẹ̀ náà fẹ́ balẹ̀ sí. Obìnrin tó ti ń gun òkè láti ìgbà ọmọge rẹ̀, tí ìka rẹ̀ ti le bí ìwo, rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tí a gbé sọ sókè.

Òkè náà gan-an kì í ṣe òkè àtijọ́. Nígbà tí èéfín ayé pọ̀ jù, tí òkun gun orí ilẹ̀ tó sì gbé àwọn ìlú etíkun mì, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yorùbá dá ẹ̀dá tíntìntín kan tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n pè é ní amọfun, nítorí pé èéfín ni í jẹ, òkúta ẹfun sì ni í mọ, bí agbọ́n ṣe ń fi amọ̀ mọ ilé. Ìran kan kọjá, òmíràn kọjá, afẹ́fẹ́ mọ́, òkè ẹfun sì ga létí òkun, ṣóńṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣóńṣó. Òjò gbẹ́ ihò sínú rẹ̀, ó sì pọ́n etí rẹ̀ bí abẹ. Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n mú kí àwọn amọfun sùn, wọ́n sì sọ ibẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́ tí àwọn agunkè ń ti ibi gbogbo wá. Ṣùgbọ́n òjò a máa jẹ òkúta ẹfun. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ gbà léṣìí lè má sí mọ́ lọ́dún yìí. Iṣẹ́ Ìbídùn nìyẹn: òun ni ọ̀gá àwọn atọ́nà, àwọn tó ń wá ọ̀nà tuntun lára òkè, tí wọ́n ń kan èèkàn irin mọ́ ọn, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ lórúkọ.

Dókítà Akíntómidé, onímọ̀ ẹ̀dá tíntìntín, ló jí àwọn amọfun padà. Ó jí wọn sí ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, Ọ̀nà Àgbà, ó sì kọ́ wọn láti mọ ìwúwo ènìyàn, kí wọ́n máa mọ òkúta síbi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bá ti ń wá a. Ó pè é ní ọwọ́-òkúta. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, arọ pàápàá lè dé orí òkè. Kì í ṣe onígbéraga. Ẹni tó fẹ́ràn ènìyàn ni, òun fúnra rẹ̀ sì ni ó máa ń kọ́kọ́ gùn ún lójoojúmọ́.

Bó ṣe sọ̀rọ̀ arọ yìí ni ọkàn Ìbídùn lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Ayọ̀ká. Ìdí-Àgbọn ni wọ́n bí Ayọ̀ká sí, ìlú tó ti wà nísàlẹ̀ òkun báyìí. Àwọn agunkè máa ń sọ pé bí ojú ọ̀run bá mọ́, ènìyàn lè ti orí òkè rí òrùlé ìlú náà nínú omi. Láti ọjọ́ tí Ayọ̀ká ti gbọ́ ọ ni ó ti ń wo òkè láti ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́, kò lè gun àtẹ̀gùn ilé gan-an láìsí ọ̀pá.

Kó tó di pé wọ́n ṣí ọ̀nà náà fún gbogbo ènìyàn, ìpàdé wáyé nínú gbọ̀ngàn ọgbà. Baálẹ̀ Fágbèmí wá láti àfonífojì, níbi tí wọ́n ti ń mu omi tó ń sun láti inú ihò òkè. Ó gbé abọ́ kan lọ́wọ́. Ẹyin adìyẹ wà nínú rẹ̀, kò sí èyí tó ní èèpo. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lásán ló bò wọ́n. Ìgbín kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìhòòhò ni.

Ó ní, “Àwọn baba wa sọ pé bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Èyí fà, ìkarahun kò tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ jí òkè, kí ló ń jẹ?”

Dókítà dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé èéfín inú èémí àwọn agunkè nìkan ni àwọn amọfun ń jẹ, pé àrùn kan lè ti wọ inú adìyẹ wọn, àti pé òun yóò yẹ omi náà wò. Kò parọ́. Ohun tó mọ̀ nígbà náà ló sọ. Baálẹ̀ ní kí wọ́n mú wọn sùn ná títí àyẹ̀wò yóò fi parí. Ní gbọ̀ngàn náà, gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ìbídùn, torí bí ọ̀gá atọ́nà bá ti ọ̀nà pa, ọ̀nà ti tì pa nìyẹn.

Ó wo ìgbín náà. Inú rẹ̀ sọ ohun tó yẹ fún un, ó sì gbọ́ ọ kedere. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀, ìgbà tí ojú ọ̀run máa ń mọ́ jù lọ, ìyá rẹ̀ kò sì ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn níwájú mọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀nà wà ní ṣíṣí títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí. Baálẹ̀ ò jiyàn. Ó ní òun ti gbọ́, ó gbé abọ́ rẹ̀, ó sì lọ.

Wọ́n gun òkè náà lọ́jọ́ tí atẹ́gùn sinmi. Ìbídùn fi okùn so ìyá rẹ̀ mọ́ ara, ṣùgbọ́n okùn náà kò níṣẹ́ kankan láti ṣe. Òkúta ń yọ fún arúgbó náà ní pẹrẹsẹ, ní kúkurú, bí àtẹ̀gùn ilé ọmọdé. Níbi tó bá ti rẹ̀ ẹ́, ògiri a mọ àpótí fún un láti jókòó lé. Àwọn ṣóńṣó funfun yí wọn ká bí àwọn tó da aṣọ bora lówùúrọ̀. Ẹyẹ ń fò kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ayọ̀ká ń fi imú kọ orin kan tí Ìbídùn kò gbọ́ rí.

Lórí òkè, òkun tẹ́ rẹrẹ bíi dígí. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, títì hàn, ilé ìwé hàn, àwọn òrùlé sì tò tẹ̀lé ara wọn bí ẹni pé oorun lásán ni wọ́n ń sùn.

Ayọ̀ká nawọ́. “Ẹ̀yìn ilé ìwé yẹn ni wọ́n bí mi sí.”

Ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi yí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí òkúta, òkúta sì ń gbóná lábẹ́ wọn bí ara ẹran tó ń sùn.

Ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì parí tí eegun itan Ayọ̀ká fi kán. Kò ṣubú. Ó kàn yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ibùsùn ni. Ní ilé ìwòsàn, awò-eegun fi hàn pé gbogbo eegun rẹ̀ ti ní ihò wúruwùru bíi kànhìnkànhìn. Dókítà Akíntómidé wo àwòrán náà pẹ́. Ó ki apá tirẹ̀ bọ inú awò, lẹ́yìn náà ó ní kí Ìbídùn ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Bákan náà ni. Ìgbà yìí ni ó tó lọ yẹ omi àfonífojì wò bó ti ṣèlérí. Nígbà tó dé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ó jókòó sí.

Ó ní, “Ìbídùn, èéfín nìkan kò tó wọn. Ohun tó ń mú eegun le, tó ń mú èèpo ẹyin le, òun ni ìdajì òkúta ẹfun. Inú òkun ni wọ́n ti ń rí i tẹ́lẹ̀. Lórí òkè, wọ́n ń fà á láti inú omi, wọ́n sì ń gba inú awọ ọwọ́ fà á lára ẹni tó bá dì wọ́n mú. Ohun tí wọ́n ń nà sí wa, ara wa ni wọ́n ti ń bù ú.”

Ìbídùn bi í léèrè nípa àwọn tó ń mu omi náà. Dókítà ní àwọn àgbà lè fara dà á. Àwọn ọmọ ọwọ́ ni kò lè fara dà á. Ọmọ ọmọ Baálẹ̀, tó yẹ kó ti máa rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ̀ bí ọrun.

Omi oorun wà tí a lè fi mú àwọn amọfun sùn, ṣùgbọ́n ìtẹ́ wọn ni a gbọ́dọ̀ dà á sí, nínú ihò kan lórí òkè. Atẹ́gùn àárín àwọn ṣóńṣó kò sì gba ẹ̀rọ tó ń fò. Dókítà ní òun yóò lọ. Ìbídùn sọ fún un pé kò mọ ọ̀nà míì yàtọ̀ sí èyí tí òkúta ń là fún un. Ìbídùn ló gun Ọ̀nà Ẹ̀gún, ọ̀nà àtijọ́ tó mú bí abẹ, kó má baà fọwọ́ kan ọwọ́-òkúta mọ́.

Àṣé àwọn amọfun ti tàn dé ibẹ̀. Bó ṣe ń gòkè ni ògiri ń na ọwọ́ sí i, lápá òsì, lápá ọ̀tún, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ó ń yẹ̀ wọ́n sílẹ̀. Etí òkúta ya ìka rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán sára ẹfun funfun. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé òkè, ibi tó tẹ̀ ṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì so rọ̀ lórí ọwọ́ òsì nìkan. Ó gbọ́ tí ọrùn ọwọ́ náà kán bí igi gbígbẹ. Òkúta kan yọ níwájú ojú rẹ̀, ó fẹ̀, ó gbóná. Ó mọ ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dì í mú.

Ó dé ìtẹ́ náà, ó sì da omi oorun sí i. Kò pẹ́ tí àwọn ọwọ́-òkúta fi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ káàkiri òkè, ìró wọn sì ń lọ nínú àfonífojì bí òjò tó ń kù bọ̀. Ó ki okùn tó so mọ́ra gòkè bọ òrùka irin orí òkè, Dókítà tó di ìdí okùn mú nísàlẹ̀ sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Omi àfonífojì padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ohun tó ti kúrò nínú eegun kò padà tán. Ọwọ́ Ìbídùn kò gba gígun òkè mọ́. Ìyá rẹ̀ kò sì lè dìde mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìbídùn kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun.

Ayọ̀ká ní, “Ká ní wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀, ǹ bá ṣì gùn ún.”

“Ẹ̀yin lẹ gùn ún, Màmá. Àwọn ọmọ àfonífojì ò gùn ún.”

Arúgbó náà ní kí wọ́n gbé òun lọ sí àfonífojì.

Àwọn atọ́nà fi àga gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àgbàlá Baálẹ̀. Ó bá Baálẹ̀ lórí ẹní, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó níwájú rẹ̀, igi tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọọrọ. Ayọ̀ká wo àwọn ẹsẹ̀ náà.

Ó ní, “Baálẹ̀, orí òkè dára. Mo rí ilé wa. Ọmọ yín ló san owó rẹ̀.”

Baálẹ̀ gbé ọmọ náà lé itan, ó sì sún díẹ̀, kí àyè lè wà fún Ayọ̀ká lórí ẹní.